Ta Ni Yóò Ṣí Aṣọ Lójú Ṣóbándé?

Ọjọ́ tí Berthe gbé ogun dìde sí Sakété, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ọ̀pá tó fi ń rìn sì ga jù ú lọ. Ẹ má wo ìyẹn. Inú rẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò, níbi tí owú ti ń hó fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin gbáko, tí iná kò kú nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Aṣọ funfun kan ló dá ogun náà sílẹ̀.

Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Pobè, níbi tí ènìyàn ti lè dúró ka gbogbo òrùlé páànù ìlú láti ilé ìjọsìn dé ọjà, wọ́n mọ ère sójà kan síbẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni, ó ga ju ọkùnrin kan lọ díẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó títí di ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Ṣóbándé ni wọ́n mọ, ọmọ Pobè tí àwọn Fúràǹsé kó lọ sí ogun Àlìjẹ́rì, tí kò sì padà. Ọkọ Berthe ni. Oyún oṣù márùn-ún ló fi sílẹ̀ sí i níkùn. Oyún yẹn ló di Félicité, tí òun náà ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, tí kò sì fojú kan bàbá rẹ̀ rí, ì báà ṣe nínú fọ́tò.

Ọdún mẹ́ta ni Pobè àti Sakété fi jà lórí ère yìí. Sakété ní ọmọ àwọn ni ìyá rẹ̀, pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ti wọṣẹ́ sójà. Pobè ní ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Wọ́n pariwo, wọ́n kọ ìwé, wọ́n pa ìpàdé dà sí ìjà. Ìgbẹ̀yìn, kọmítẹ́ẹ̀ tó ń ṣètò rẹ̀ la ọ̀rọ̀ náà sí méjì: kí ère dúró ní Pobè, ṣùgbọ́n nítorí pé fọ́tò tí Pacôme agbẹ́gilére wò mọ ọ́n, láti Sakété ló ti wá, kí obìnrin tó ni fọ́tò náà wá ṣí aṣọ lójú rẹ̀.

Obìnrin tó ni fọ́tò ni Àlàájà Màrúfátù.

Áà! Orúkọ yẹn. Bí Berthe bá gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ á kan bí ẹni tó la ọsàn kíkan. Ní ayé ọjọ́un, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Pobè lọ sí Porto-Novo, òun ló gbé gàrí àti ẹja gbígbẹ lọ kí ọkọ rẹ̀ ní bárékè, kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀ òkun. Ó bá Ṣóbándé tó ń sùn, aṣọ obìnrin kan wà lábẹ́ orí rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ń rùn tùràrí. "Ti ọlọ́jà kan tó ń ta ẹja ni," ni Ṣóbándé wí. Ọlọ́jà! Ọlọ́jà wo ló ń ta ẹja tó tún ń tẹ́ ibùsùn? Kò pẹ́ tó fi gbọ́ orúkọ ọlọ́jà náà. Lẹ́yìn tí Ṣóbándé sì kú tán, ó tún gbọ́ pé Màrúfátù ní fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ sójà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Sakété, gbogbo ẹni tó bá wá ra ọjà ló ń fi hàn. Berthe búra lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni nínú ilé òun kò gbọdọ̀ lọ wo fọ́tò yẹn. Félicité kò lọ rí. Ṣùgbọ́n Berthe dá orin lé e, orin tó ń fi gún iyán, tó ń fi ṣa ẹ̀wà:

Ẹ bá mi bi í, ẹ bá mi bi í,
Obìnrin ojú ọ̀nà, kí ló gbà lọ́wọ́ ọkọ mi?
Èmi gba oyún, mo gba orúkọ,
Òun gba bébà, ó ní òun ló l'ọkọ!

Martial, olórí kọmítẹ́ẹ̀, ló wá jíṣẹ́ fún un. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onigbolo, ó sì mọ bí a ti ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, tàbí kó rò bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Àlàájà yóò ṣí aṣọ, ẹ̀yin yóò jókòó sórí àga iwájú."

"Àga iwájú?"

"Iwájú gan-an, màmá. Èyí tó ní tìmùtìmù."

Berthe wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Martial, ìwọ tí mo wẹ̀ fún nígbà tí ìyá rẹ wà lórí àìsàn. Wọ́n fẹ́ gba ojú ọkọ mi lọ́wọ́ mi, ìwọ wá gbé tìmùtìmù fún mi kí n fi jókòó wò ó?"

Martial dìde. Ó kí i, ó fẹ̀yìn rìn jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Berthe pe ìgbìmọ̀ ogun sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, àwọn kan láti Issaba, àwọn kan láti Ahoyéyé níbi tí wọ́n bí i sí. Ó gbé ọkọ́ àtijọ́ kan kalẹ̀ láàárín wọn.

"Mo fi ahọ́n kan irin yìí," ó wí, ó sì fi kàn án. "Bí Màrúfátù bá ṣí aṣọ lójú Ṣóbándé níṣojú mi, kí ọkọ́ yìí má ro oko fún mi mọ́ láé."

"Màámi," ni Félicité wí, "ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹ ti lọ oko kẹ́yìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ahọ́n kan irin. Félicité nìkan ló dúró.

"Ẹni tó bá wù ú kó ṣí aṣọ," ó wí. "Ojú bàbá mi ni mo fẹ́ rí, màámi. Mo ti di arúgbó, mi ò mọ irú imú tó ní."

Berthe gbọ́, ṣùgbọ́n owú kò jẹ́ kó wọlé. Ó yíjú sí Arlette, aládùúgbò rẹ̀, obìnrin tó ń ta ìrẹsì fún àwọn awakọ̀ lójú ọ̀nà Onigbolo, tí kò sí mọ́tò ńlá tí kò mọ ẹni tó ń wà á. Arlette ni balógun.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọn yóò gbà wá láti Sakété," ni Arlette wí, ó fi igi fa ilẹ̀. "Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sylvain, yanrìn ló ń kó. Ọwọ́ mi ló ti ń jẹun. Bí mo bá ní kí mọ́tò rẹ̀ kú sí àárín ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, yóò kú."

"Yóò kú fún ìgbà wo?"

"Títí tí mo bá fi ní kó jíǹde."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́. Àwọn ará Issaba yóò gbé ẹní, kí wọ́n fi yí ìdí ère ká. Àwọn ará Ahoyéyé yóò gbé ìkòkò àti igi ìdáná, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iye wákàtí tí ìdótì yóò gbà. Berthe yóò jókòó sí àárín, kó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú.

Ọjọ́ Sátidé, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tán, wọ́n gbéra. Zẹmí mẹ́tàlá ló gbé wọn, méjì méjì lórí alùpùpù kan, gèlè wọn so le bí ti ẹni tó ń lọ sójú ogun. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ dúdú àwọn Ohori ń mú táyà. Wọ́n sì ń ki Ṣóbándé lọ lójú ọ̀nà, tí àwọn ènìyàn ń yọjú ní fèrèsé:

Ṣóbándé, ọmọ Ohori,
Ọmọ arìn-nínú-ẹrẹ̀ bí ẹni rìn lórí ẹní,
Ó gbọ́ ìró ìbọn, kò bẹ̀rẹ̀,
Ó gbọ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn!

Ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn, Berthe ló fi kún un fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un kì lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí wọ́n dé iwájú mọ́sáláṣí.

Wọ́n gun òkè, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n dáná. Nígbà tí Martial dé pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àga rẹ̀, ó bá obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó yí ère ká bí ọgbà, tí wọ́n ń ro ẹ̀bà.

"Ẹ̀yin ìyá mi, àwọn àlejò ń bọ̀!"

"Kí wọ́n máa bọ̀," ni Arlette wí. "Ẹ̀bà pọ̀."

Oòrùn gùn. Sakété kò dé. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, wọ́n ní mọ́tò Sylvain kú ire. Àfi bí wọ́n ṣe rí i tí èrò ń ti inú oko gbágùúdá yọ ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹrẹ̀ dé wọn lórúnkún. Múdàṣírù, àkọ́bí Màrúfátù, ló ṣíwájú, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin mẹ́rin tẹ̀lé e, wọ́n gbé àga rọ́bà kan lé èjìká, Àlàájà Màrúfátù jókòó sórí rẹ̀ nínú léèsì funfun, ó gbá àga mú gírígírí, ó ń bú wọn.

"Ẹ rọra! Ṣé iṣu lẹ gbé ni?"

Múdàṣírù dé òkè, ó ń mí hẹlẹ. "Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?" ni Arlette wí. "Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ ná."

Láti orí àga rẹ̀ ni Màrúfátù ti gbé orin. Ohùn rẹ̀ ti wó, ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀:

Ẹni tó ní fọ́tò ló mọ ojú,
Ẹni tó ní fọ́tò ló mọ ojú,
Ẹni tí ò rí gbà kó jókòó lórí ẹní,
Kó máa ro ẹ̀bà!

Ìjà bẹ́. Kò gùn rárá. Gèlè mẹ́ta tú, ìkòkò ẹ̀bà kan dojú dé, bàtà Múdàṣírù kan yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, ọkùnrin kan tó fẹ́ fa ẹní rí i pé ìyá ìyàwó òun ló jókòó lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Nínú rúdurùdu náà ni Berthe gbé etí aṣọ funfun sókè, ó rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ yọ òun, kó wá yọ òun lára ọkọ òun.

Inú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ roro bí inú ẹyin. Òórùn sìmẹ́ńtì tútù gbabẹ̀ kan. Berthe di orúnkún ère mú, ó gbé ojú sókè.

Ojú Ṣóbándé ni. Imú rẹ̀, ètè rẹ̀ tó máa ń yọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi fèrè dáhùn, ilà rẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta bó ṣe rí gan-an. Berthe fọwọ́ pa orúnkún ère náà. "Ṣóbándé," ó wí, "o kò dàgbà rárá. Wò bí mo ṣe dà." Ó sunkún díẹ̀, ó sì kọrin díẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹni tó wà níta má gbọ́.

Níta, Martial ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè fi ọ̀rọ̀ pa ìjà. "Ẹ̀yin ènìyàn wa! Ẹ rántí akọni yìí, tí ọta ìbọn ya etí rẹ̀ òsì ní Àlìjẹ́rì, tí kò sì sá!"

Etí? Berthe fi apá nu ojú. Ó wo etí òsì. Òkè etí náà kò sí, ó gé wọnú bí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n ti jẹ. Pacôme kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ohun tó rí nínú fọ́tò.

Berthe mọ etí yẹn. Ta ni ì bá tún mọ̀ ọ́n?

Ìbejì ni Ṣóbándé. Òun ni Kẹ́yìn, Ládiípọ̀ ni Táyé rẹ̀, ojú kan náà, ilà kan náà, ohùn kan náà. Nígbà tí ìròyìn ikú dé, tí àwọn Fúràǹsé fi àpótí aṣọ sójà rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, àwọn àgbà ilé ní kí Ládiípọ̀ ṣú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lópó. Ládiípọ̀ wọ yàrá wá nínú sálúbàtà òkú, ó ní kí Berthe ṣáà ka òun sí Ṣóbándé, pé kò sí ìyàtọ̀. Berthe fi ìyàtọ̀ sí i. Eyín rẹ̀ ló fi sí i, ní etí òsì, ó sì tu ohun tó gé kúrò sórí ilẹ̀. Ọjọ́ náà ló gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ahoyéyé. Ìtìjú mú Ládiípọ̀, ó lọ sí Abidjan, ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn àgbà tó mọ̀ ti kú tán.

Ṣùgbọ́n kí Ládiípọ̀ tó lọ, ìyá wọn ṣe ohun tí ìyá ìbejì máa ń ṣe bí ọ̀kan bá kú tí kò sí fọ́tò méjèèjì pọ̀. Ó mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, wọ́n yà á nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n tún yà á nínú aṣọ èyí tó kú, wọ́n so méjèèjì pọ̀ lórí bébà kan, kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Ahoyéyé ni Berthe wà tó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Kò rí i. Ó búra pé òun kò ní wo fọ́tò, kò sì mọ̀ pé fọ́tò tí òun ń jowú rẹ̀ nìyẹn.

Ládiípọ̀! Ọkùnrin tí kò fi ìbọn pa eku rí, òun ló dúró lókè Pobè yìí!

Ẹ̀rín gbé Berthe, ó di ẹnu mú. Ẹ̀rín náà ló wá di ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Màrúfátù, mo mú ọ wàyí. N óò jáde lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Martial. N óò sọ fún ayé pé fọ́tò ẹlòmíràn lo fi ń ṣe fáàrí láti gbogbo ọdún yìí wá.

Ibi tó ti ń wá ọ̀pá rẹ̀ ni etí aṣọ ti gbé sókè, Màrúfátù fi orúnkún rìn wọlé, léèsì rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ni Berthe wí.

"Wọ́n ní o ti wọlé tọ̀ ọ́. Mi ò lè jẹ́ kó ku ìwọ àti òun nìkan."

"Èmi àti ta? Gbé ojú sókè kí o wo etí yẹn."

Màrúfátù kò gbé ojú sókè. "Mo mọ̀," ó wí.

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé Ládiípọ̀ ni. Ìyá wọn ló ni fọ́tò náà. Mo lọ sunkún níwájú rẹ̀ títí ó fi mú àlùmọ́gàjí, tó gé ààbọ̀ rẹ̀ fún mi." Ó jókòó sórí ilẹ̀. "Ṣóbándé kò fún mi ní nǹkan kan, Berthe. Bọ́tìnnì kan kò fún mi. Ó ra ẹja lọ́wọ́ mi, òtútù mú un, mo yá a ní aṣọ. Ó wá ń jókòó ti àgbá iná mi lójoojúmọ́, ó ń sọ̀rọ̀ rẹ títí ẹja á fi jóná. Ìwọ ṣáá. Nígbà tí mo sì rí ọ tí o sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ikùn rẹ yẹn, mo ní èmi náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí ìwọ kò ní."

Berthe ṣírò ọdún náà lọ́kàn. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin! Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń bínú pé kò tètè dùn.

"Ó ń sọ̀rọ̀ mi? Kí ló ń sọ?"

"Mi ò ní sọ fún ọ."

"Màrúfátù!"

"Gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn. Kígbe fọ́tò síta bó bá wù ọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ, ọ̀dọ̀ mi ló wà, yóò sì bá mi wọ sàréè."

Berthe gbé ọ̀pá. Ì bá kígbe. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ohùn kan dé láti ẹ̀yìn aṣọ, ó rọra bí ti ọmọdé. Félicité ni.

"Màámi? Ṣé ẹ ti rí i? Ṣé ojú rẹ̀ dára?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Berthe gbé ọ̀pá kalẹ̀.

"Fi okùn tí wọn yóò fi fa aṣọ yìí sílẹ̀ fún mi," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Èmi ni n óò fà á. Jáde kí o sọ fún wọn pé apá ń dùn ọ́. Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò fún ẹnikẹ́ni."

"Okùn di tìrẹ," ni Màrúfátù wí. Ó wá gbé ojú sókè níkẹyìn. "Kí ló tiẹ̀ ṣe é létí? Ìyá wọn kò sọ fún mi rí."

"Eyín mi ni."

"Eyín rẹ?" Màrúfátù wo etí, ó wo Berthe. "Eyín rẹ ló máa wà lókè ìlú yìí títí láé?" Ojú rẹ̀ sì korò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọkọ gbé ìyàwó tuntun wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdótì ṣe tú. Màrúfátù sọ pé apá ń dun òun, Múdàṣírù fẹ́ jiyàn, ó fi ojú pa á lẹ́nu mọ́. Berthe di okùn mú níwájú Pobè àti Sakété, ó fi gbogbo ara fà á, aṣọ tútù náà sì wó lulẹ̀ bí omi. Ariwo sọ. Félicité kò pariwo. Ó rìn lọ bá ère náà, ó gun òkúta ìdí rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè títí ó fi kan àgbọ̀n rẹ̀.

"Màámi, ṣé bó ṣe rí nìyí?"

Gbogbo èèyàn sún mọ́ wọn. Kódà Martial pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ojú rẹ̀ nìyẹn," ni Berthe wí. "Imú rẹ̀ nìyẹn, wò ó, tìrẹ gẹ́lẹ́ ni. Ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ilà bàbá rẹ nìyẹn, ọmọ mi, irọ́ kò sí níbẹ̀."

Félicité gbé iwájú orí lé àyà sìmẹ́ńtì, ó sunkún tó pọ̀.

Màrúfátù, lórí àga iwájú, lórí tìmùtìmù, kò lè mú un mọ́ra. "Etí ńkọ́, Ìyá Félicité?" ó ké. "O kò dárúkọ etí!"

Berthe yíjú sí i, inú rẹ̀ ń dùn débi pé orúnkún rẹ̀ kò dún.

"Etí yẹn?" ó wí. "Ẹni tó ya á ṣì wà láyé. Kò tíì kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Àwọn ènìyàn hó yèè, wọ́n gbé èpè lé ọ̀tá àìmọ̀ náà ní Àlìjẹ́rì, wọ́n ní kí eyín rẹ̀ yọ dànù. Berthe ṣe àmín, ó sì fi gbogbo eyín rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí Màrúfátù, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan kò yẹ̀. Màrúfátù fa ìbòrí léèsì rẹ̀ bo ẹnu, ó ń fi ahọ́n wá inú erìgì rẹ̀ káàkiri, níbi tí kò ti ku ẹyọ kan.